Ẹ̀yin ará Èkìtì, yàtọ̀ sí oògùn, kí lẹ ń ṣe nílé kí ara àti ọkàn yín lè balẹ̀?

Tíṣà Ìkéré
Ẹ̀yin ará ilé, Èkìtì kete! Ẹ dákun, mo ní ìbéèrè kan. N kò fẹ́ ìwàásù o, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe nínú ilé yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, àwọn nọ́ọ̀sì kan wá bá wa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tò sórí ìlà nítorí pé gbogbo èèyàn ń tò. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó wojú mi, ó ní kí n jókòó díẹ̀, ó tún un wọ̀n. 168 lórí 104. Ó bi mí bóyá orí ń fọ́ mi, mo ní rárá. Ṣé òòyì ń kọ́ mi? Rárá. Ó ní, "Sà, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í ké àgò kó tó wọlé."

Ẹni ọdún 49 ni mí, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ń ṣòwò l'Ákùúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ọmọ méjì wà ní yunifásítì, èmi àti àbígbẹ̀yìn la jọ wà nílé. Kí n má parọ́, ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí n kò ti sùn dáadáa. Bí aago méjì òru bá ti lù, ojú mi á là, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó iléèwé bí ẹni tó dúró síwájú pátákó. Oúnjẹ kì í wù mí. Bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn, n kì í wò ó mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá ní Sà ti ń kanra jù.

Dọ́kítà ti kọ oògùn, mo ti ń lò ó láti ọjọ́ Ajé. Yàtọ̀ sí i, kí lèèyàn tún ń ṣe?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Adó
Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn: bí ara bá yá, ẹ má jáwọ́ nínú oògùn yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣubú. Ara á fúyẹ́, wọ́n á ní àwọn ti gbádùn, wọ́n á ti páálí oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá pa á tì, yóò tún gòkè, kò sì ní ké àgò bí ẹnì kejì mi ti wí. Bí oògùn bá ń mú yín húkọ́ tàbí tó ń mú ẹsẹ̀ yín wú, ẹ padà sọ fún dọ́kítà. Oríṣiríṣi ló wà, yóò bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì yá oògùn aládùúgbò lò torí pé orúkọ àìsàn yín jọra.

Èkejì ni bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bí agbára bá ká a, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgúnpá, ti ọrùn ọwọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kọfí àti sìgá, ẹ jẹ́ kó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ ti fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì, ní ọ̀gangan àyà. Ẹ wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé, kí ẹ mú ìwé náà dání tí ẹ bá ń lọ rí dọ́kítà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì ń bá oníbàárà ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí fóònù, iye tó bá rí lórí ẹ̀rọ kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọsibítù, bó bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ga nínú nọ́ńbà méjèèjì, ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Ó kù kan: oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, ẹ má kàn yà ní kẹ́míìsì rà á. Wọ́n máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń dá ọgbẹ́ sínú.

Ìyá Oníyán, Ìjerò
Ọ̀gá Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń bọ̀ lọ́nà tó fẹ́ wá sọ pé kí ẹ má jẹ iyán mọ́. Ẹni tó bá ní kí ọmọ Èkìtì má jẹ iyán, ṣé òkúta ló fẹ́ kó jẹ? Kò sí iyọ̀ nínú uṣu. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni kí ẹ lọ wá a.

Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọkọ mi. Dọ́kítà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má pé giráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí kékeré kan tí kò kún. Mo délé, mo bu ṣíbí kan yẹn sínú abọ́, mo gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó. Mo wá ka màgí tí mo ń jù sínú ọbẹ̀ èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Ó jẹ́ mẹ́jọ! Iyọ̀ màgí nìkan nìyẹn o, mo ṣì tún máa ń bu iyọ̀ lé e lórí. Mo jókòó.

N kò yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá yọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ilé á gbaná. Màgí kan ni mo ń yọ lọ́sẹ̀ kan. Mo wá ń fi kún àlùbọ́sà, ata rodo, efinrin, ẹja gbígbẹ àti irú. Irú náà, ẹ ṣọ́ ọ: àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́, nítorí náà bí n kò bá mọ ẹni tó sè é, omi ni mo fi ń ṣàn án kó tó wọ ìkòkò. Lọ́sẹ̀ kejì ọkọ mi ní ọbẹ̀ mi ti di omi òjò. Mi ò dá a lóhùn. Lóṣù kẹta, a lọ síbi ìnáwó kan, ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó rọra yí sí mi létí, ó ní, "Kí ni wọ́n dà sínú èyí, òkun?"

Ti iyán gan-an: ẹ jẹ ẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ di ìkúùkù ọwọ́ yín méjèèjì, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo ju iyán lọ. Mo mọ̀ pé ó dun ọkùnrin Èkìtì láti gbọ́ eléyìí. Bí apá yín bá sì ṣì ká a, ẹ gbé odó, ẹ gún un fúnra yín. (Èmi náà ní ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnì kan má wá tú àṣírí mi.)

Bàbá Kòkó, Ìṣẹ̀
Ọmọ mi Tíṣà, mo kí ọ. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nọ́ńbà ti pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ní tèmi o, mo ń mu àgbo láàárọ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, mo ń sùn lọ́sàn-án lábẹ́ igi kòkó. N kò mọ ohun tí ẹ ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wá sóko, màá fún ọ ní àgbo, ọ̀sẹ̀ kan péré.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Adó
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ ó pẹ́ fún wa. N kò ní bá àgbà jiyàn lórí ẹsẹ̀ rírìn àti oorun ọ̀sán. Àgbo náà, òun ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, n kò ní bú u. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a kì í mọ ìwọ̀n rẹ̀, a kì í sì í mọ ohun tí òun àti oògùn dọ́kítà ń bá ara wọn sọ nígbà tí wọ́n bá pàdé nínú kídìnrín. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ló burú jù, ọtí fúnra rẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Tíṣà, ohunkóhun tí ẹ bá ń mu, ẹ má fi pamọ́ fún dọ́kítà.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ dákun, ẹ ní ẹ kò mọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún yín rí?

Bàbá Kòkó, Ìṣẹ̀
Wọn kò wọ̀n ọ́n fún mi rí. Ṣé ó máa ń dunni?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Adó
Aṣọ kan ni wọ́n á so mọ́ yín lápá, Bàbá. Yóò fún yín díẹ̀, yóò sì tú. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Alábòójútó
A ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó wá tajà síbí kúrò. Oògùn kan ṣoṣo tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrọ́mọbí sàn lẹ́ẹ̀kan náà! Kí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ fi wo ojúkòkòrò. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ọlọ́kadà ni mí, láti Ẹ̀fọ̀n dé Àrámọkọ. Èèyàn á rò pé ẹni tó ń káàkiri látàárọ̀ ń ṣe eré ìdárayá. Irọ́ ni, ìdí la fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ń ro mí bí arúgbó. Ohun mímu inú agolo tó ń lé oorun lọ ni mo ń mu, mẹ́ta lójúmọ́, títí àyà mi fi ń já pà-pà-pà lórí ìjókòó. Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, orí fọ́ mi bíi pé kó là.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí: bí mo bá gbé ọ̀kadà wọlé nírọ̀lẹ́, màá fi í sílẹ̀, màá fẹsẹ̀ gun òkè ẹ̀yìn ilé wa. Ẹ mọ Ẹ̀fọ̀n, ibi tí ẹ bá yíjú sí, òkè ni. Dọ́kítà kan tí mo gbé ló sọ fún mi pé 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, mo wá pín in sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún. Ó ní kí n rìn débi pé mo lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n n kò lè kọrin. Bí mo bá ń kọrin, mò ń ṣeré. Bí n kò bá lè sọ̀rọ̀, mo ti sáré jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò nílò láti ra bàtà olówó ńlá. Ẹ ṣáà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ná.

Ẹni Òkè Odò
Ṣé omi gbígbóná Ìkógòsì kò lè wò ó ni?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Mo máa ń gbé èrò lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ara á rọ̀ yín, ẹ ó gbàgbé gbèsè fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹ mú oògùn yín dání lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́, Adó
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé ọmọdé dá sí i. Mo ka ohun tí Sà kọ látòkè délẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń dáhùn 168 lórí 104. N kò rí ẹni tó dáhùn bọ́ọ̀lù.

Oorun kò sí, oúnjẹ kò wù wọ́n, wọ́n ń kanra, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ràn kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn mọ́, ó sì ti lé lóṣù mẹ́ta. Ohun tó ṣe mí nígbà tí mo wà lọ́dún kejì nìyẹn. Báàkẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀ á wà níwájú mi láàárọ̀, màá máa wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó gun òkè Olósùnta. Màá wò ó títí omi á fi tutù, màá padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ní ọ̀lẹ ni mí. Màmá mi ní ayé ló ń bá mi jà, wọ́n gbé mi lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò lòdì sí àdúrà, mo ṣì ń gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n àbúrò dádì mi obìnrin ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Dọ́kítà béèrè nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun mi, oúnjẹ mi, ohun tó ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀. Ó ní bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àìsàn ni bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Mo ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì lo oògùn. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀, kí ẹni tó bá ń lò ó má ṣe tètè sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù nílé rèé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni àǹtí mi máa ń pè mí. Wọn kì í bi mí pé "Ṣé dáadáa ni?" Wọ́n ní àwọn ti mọ èsì ìyẹn, Yorùbá tó wà nínú kànga pàápàá á ní "A dúpẹ́." "Kí lo jẹ lánàá?" ni wọ́n ń bi mí. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, èèyàn kò lè fi "a dúpẹ́" dáhùn ìyẹn. Bí mo bá ní n kò jẹ nǹkan kan, wọ́n á ní, "Ó dáa, dìde, lọ ra ẹ̀kọ, mo wà lórí fóònù." Wọ́n á wà níbẹ̀ títí màá fi mu ún tán.

Sà, ta ló ń béèrè ohun tí ẹ jẹ lọ́wọ́ yín?

Aṣọ́bodè
Ọmọ yìí sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ rò ó. Tíṣà odindi, kó lọ jókòó sí ẹ̀ka àwọn wèrè? Bí òbí ọmọ kan bá rí i níbẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Adó
Ọ̀rọ̀ "wèrè" yìí ló ń pa àwọn èèyàn wa mọ́lé. Dọ́kítà tó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Tíṣà ni kó kọ́kọ́ sọ fún, kò sí ẹ̀ka kankan nínú ìyẹn. Bó bá rán an síwájú, àwọn tó mọṣẹ́ wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Adó àti ní Ìdó. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo aláìsàn. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ẹbí kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé èèyàn tirẹ̀. Wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà síbi tí wọ́n ti ń sebẹ̀ tí wọ́n ti ń roko. Yorùbá ló ṣe é, ayé sì wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Òfin 1958 tó ń ṣe aláìsàn ọpọlọ bí ẹni tí a kàn fẹ́ tì mọ́lé, wọ́n ti fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ jẹ́ kí ẹnu wa náà tẹ̀ lé òfin.

Tíṣà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi í sí èèyàn lọ́kàn, ohun tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ nìyẹn. Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kí ẹ má sí mọ́?

Tíṣà Ìkéré
Ó ti tó wákàtí kan tí mo ti ń kọ èsì yìí tí mo ń pa á rẹ́. N kò rò láti ṣe ara mi ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn alẹ́ kan wà tí mo máa ń ṣírò rẹ̀ pé bí mo bá sùn tí n kò jí, owó tí ìjọba máa san fún ẹbí mi á parí owó iléèwé. Ìṣirò ṣáà ni. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Adó
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ìyàwó yín lálẹ́ yìí, kí ẹ sọ ohun tí ẹ kọ síbí fún un bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an. Lọ́la, kó má ju ọ̀la lọ, ẹ lọ bá dọ́kítà, ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú. Bí ìrònú yẹn bá lágbára sí i kílẹ̀ tó mọ́, ẹ má dá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù lóru náà. Mo ti kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀, nọ́ńbà mi wà níbẹ̀.

Olùkọ́ Ẹgbẹ́ Yín, Ìkọ̀lé
Tíṣà mi, ohun tí ẹ kọ yìí, èmi náà mọ aago méjì òru yẹn. Kò sí olùkọ́ tó ní ọmọ ní yunifásítì tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra ìwé àkọsílẹ̀ olójú ewé 40. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe ìṣirò mi, tọ̀sán-tọ̀sán, pẹ̀lú bírò: iye tó wọlé, iye tó yẹ kó jáde, ẹni tí mo máa pè. Mo pa ìwé dé. Bí ojú mi bá là lóru, màá sọ fún ara mi pé ó wà nínú ìwé. Bí n kò bá sùn padà láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, màá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, màá jókòó sí pálọ̀ nínú òkùnkùn títí oorun á fi padà wá. Fóònù kì í wọ yàrá mi mọ́, aago tábìlì ló ń jí mi. Mo sì ń jí lákòókò kan náà, bí mo tiẹ̀ sùn pẹ́. Ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Pásítọ̀ bi mí, mo ní ara ń fẹ́ sinmi, ó ní kò burú.

Nígbà tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo rí i pé mo lè san án díẹ̀díẹ̀. Mo lọ bá akápò iléèwé ọmọ mi, ó gbà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bẹ̀rù ọkùnrin yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Màmá, Ìdó
Mo wá sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ọdún méjì sẹ́yìn, màmá mi ń mu ògì láàárọ̀, ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wò wọ́n, ẹnu ti yẹ̀ sápá kan. Mo ní, "Màmá, kí ló dé?" Ohun tí wọ́n sọ kò yé mi. Ará àdúgbò kan ní ká má gbé wọn lọ síbì kankan, ká fi òróró wọ́ apá wọn. A ń wọ́ apá láti aago méje títí di ọ̀sán. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí ẹnu tó yẹ̀, apá tí kò gbé, ọ̀rọ̀ tó ń wọ́, rọpárọsẹ̀ ni ẹ rò ó sí. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mọ aago tó bẹ̀rẹ̀, torí ó wà lára ohun àkọ́kọ́ tí dọ́kítà máa béèrè.

Èkejì jẹ́ tèmi. Mo ń yí Màmá padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara wọn má bàa bó, tọ̀sán-tòru. Lóṣù kẹfà mo jókòó sẹ́yìn ilé, mò ń sunkún, n kò mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Àbúrò mi l'Ékòó ń fowó ránṣẹ́, ó rò pé owó ti parí ẹ̀. Mo pè é, mo ní, "Lóṣù yìí má fi owó ránṣẹ́, fi ara rẹ ránṣẹ́." Ó wá lọ́jọ́ Ẹtì kan. Mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi, mo sùn wákàtí mọ́kànlá. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá. Aládùúgbò mi sì ń gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjà ni mo ń lọ. N kì í ra nǹkan kan, mo kàn ń rìn láàárín èèyàn, tí wọ́n ń kígbe ata.

Bàbá Kòkó, Ìṣẹ̀ (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)
Mo ti padà dé ulé láti ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. 158 lórí 96. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n. Ọmọ mi Tíṣà, má tíì wá gba àgbo yẹn ná.

Ìyá Oníyán, Ìjerò
Bàbá! Ẹ kú orí ire tí ẹ lọ. Ẹ sọ fún ìyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ màgí, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan.

Tíṣà Ìkéré (ọ̀sẹ̀ kẹrin)
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Mo pe ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dákẹ́ lórí fóònù, ó pẹ́ gan-an, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ìdájí ọjọ́ kejì ló ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà. Ó ti pín ọ̀sẹ̀ sí méjì báyìí, ọjọ́ Ọjọ́rú àti òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Mo ti rí ẹni tí wọ́n rán mi sí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi lánàá jẹ́ 142 lórí 90, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Aago méjì òru ṣì máa ń wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́ mọ́. Èmi àti àbígbẹ̀yìn wo ìdajì bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, oorun sì gbé mi lọ lórí àga kó tó parí.

Akẹ́kọ̀ọ́, Adó
Sà, kí lẹ jẹ lánàá?

Tíṣà Ìkéré
Iyán, ìkúùkù méjì. Ìyá Oníyán, ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ.